Igi Ẹ̀gbà Tí Mo Yọ Nínú Ẹrẹ̀ Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Àkókò náà dá mi lójú nítorí pé fóònù ni mo tẹjú mọ́, mo ń retí iléeṣẹ́ kan tó ní òun máa pè mí nípa iṣẹ́. Kò pè. Bàbá ló pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí n tètè sọ ẹni tí Bàbá jẹ́. Àwọn ni wọ́n bí màmá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Etí omi Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà Ìpakodò, ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Bí èèyàn bá dúró níwájú wọn, òjìji lásán ni wọ́n ń rí, ohùn ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí láti kékeré. "Oṣù mélòó ni igi wa ti lò nínú ẹrẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Ó ti ń lọ sí oṣù méje, Bàbá."

"Ó ti tó yọ nìyẹn. Sátidé, ẹ ó gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi fà á jáde."

Mo dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Bàbá." Èmi fúnra mi kò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún. Bí ẹ̀rù bá bà mí, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni mo máa ń sọ, lẹ́yìn náà ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀.

Igi tí wọ́n ń bèèrè kò sí nínú ẹrẹ̀ kankan. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, mo fi aṣọ ìbora wé e, ó sì ti là láti orí dé ìdí. Èmi ni mo bà á jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ ohun tí Bàbá sọ fún wa lọ́jọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju igi lọ.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, Bàbá kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á jókòó láti àárọ̀ títí dé àṣálẹ́, oúnjẹ wọn á tutù níwájú wọn. Màmá mi ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni a gbé wọn lọ wo abúlé. Bí wọ́n ṣe dé etí omi, wọ́n na ọwọ́, ọwọ́ wọn sì ba igi ẹ̀gbà kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn ilé bàbá wọn. Ẹ̀gbà ni igi tó máa ń hù nínú omi ọ̀sà, tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń nà jáde bí ẹsẹ̀ alákàn. Wọ́n di igi náà mú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé wa bá àwọn gé ẹ̀ka kan, èyí tí àwọn fọwọ́ yàn, kí ó sì rì í mọ́ inú ẹrẹ̀. Wọ́n ní ọrun ni àwọn fẹ́ fi ṣe, ọrun tí a fi ń ta ọfà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n tún bèèrè òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti padà di Bàbá.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ Sátidé yẹn, inú wọn dùn débi pé wọ́n ní kí n pe Kàsímù àbúrò mi wá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ bí a ti í ṣe é fún wa, kí ọwọ́ wa má baà ṣe àìmọ̀kan.

"Ẹ̀yin ọmọ òde òní," wọ́n bẹ̀rẹ̀, "ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ mọ̀ mọ́ ọ̀sà. Nígbà tiwa, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àjẹ̀ ni o máa kọ́kọ́ gbọ́ tó ń kan etí ọkọ̀, kó, kó, kó. Láti orí ẹní ni o ti máa mọ ẹni tó ń kọjá. Sùnmọ́nù ọ̀rẹ́ mi, tirẹ̀ máa ń kàn bí ìgbà tí arọ bá ń rìn: kó-kó, á dákẹ́; kó-kó, á dákẹ́. Ọ̀lẹ ni. Ó ń sinmi láàárín."

Kàsímù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin náà ta ọfà rí lóòótọ́? Ṣé kì í ṣe fíìmù lẹ ń sọ fún wa?"

"Ta ló ń bá ẹ sọ fíìmù? Ìwọ tí àkùkọ ìyá rẹ ń lé kiri àgbàlá! Jókòó jẹ́ẹ́, o."

Bàbá sọ fún wa pé ẹja ni àwọn ará ilé àwọn fi ọfà ń pa. Àwọn Ìlàjẹ tó tẹ̀dó sí abúlé kejì, àwọ̀n ni iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju àwọn ará ilé Bàbá lọ. Orin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ìlàjẹ náà máa ń fò lórí omi wá bá wọn ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ìpè àdúrà ilé Bàbá náà á fò lọ bá àwọn Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n bí omi bá kún, tó wọ inú koríko, tí àwọ̀n kò ṣeé dẹ nítorí pé ó máa ń há, ìgbà yẹn ni ilé Bàbá máa ń gbé ọrun. Ẹnì kan á máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ẹnì kejì á dúró ní iwájú, á máa wo inú omi.

"Àwọn Ìlàjẹ á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, 'Ẹ̀yin ọdẹ ẹja, ṣé ẹja tiyín ní ìwo ni?' Àwa náà á ní, 'Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aṣọ jíjá kó ẹja, ẹ lọ rán an!' Síbẹ̀ bí ẹja àrọ̀ ńlá bá ti bọ́ sọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ ìyàwó wọn la ń gbé e lọ kí wọ́n bá wa yan án. Kò sí ẹni tó mọ ẹja yan bí wọn. Ibo ni wọ́n wà báyìí? Mi ò mọ̀. Ọ̀sà kan náà la jọ ń jẹ, ká tó wá di ẹni tí ò mọ ilé ara rẹ̀."

Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà omi, ẹ̀rọ kan ń dún láìdákẹ́. Bàbá yí etí sí i, wọ́n tún padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

"Ọdẹ tó bá wá láti òkè, ọrun rẹ̀ dára nínú igbó. Gbé e wá sórí omi, kí òjò ọjọ́ mẹ́ta pa á, á rọ jọwọlọ. Ẹ̀gbà nìkan ni omi kò rí ṣe, inú omi ni wọ́n bí i sí. Àwọn èèyàn kò kà á sí igi ọrun. Igi ìdáná ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n ń fi í ṣe òpó ilé. Ó le, ó wúwo, kì í fẹ́ tẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé, ohun tí kì í fẹ́ tẹ̀, bí ó bá tẹ̀ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé.

"Ẹ̀ka tó kọjú sí agbami ni à ń yàn, èyí tí atẹ́gùn ti ń tì síwá tì sẹ́yìn láti kékeré. Má yan èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn. Ìyẹn máa ń tọ́, á máa dán, á wù ẹ́. Ọjọ́ tí o bá fà á ni á dá sí ẹ lójú. Ìwọ̀n ọrùn ọwọ́ ni kó nípọn tó, kó má ní kókó lẹ́yìn.

"Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ẹ̀gbà kò fẹ́ oòrùn. Tí o bá gé e lónìí tí o sá a lọ́la, á là. Inú ẹrẹ̀ tó bí i ni à ń dá a padà sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ á fi sún mọ́lé. Ẹrẹ̀ á máa fa oje inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jáde, àpò tútù la ó fi wé e, a ó fi eérú bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, a ó máa ṣí i ní ìwọ̀n ìka kan, ìka kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyàwó mi, o ń gbọ́?"

Mo ní mo ń gbọ́. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí létí. Ojú ń tì mí. Mo tún ń bínú sí ara mi pé ojú ti ara mi ni mo ń rò níbi tó yẹ kí n ti máa ro ti Bàbá.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọlọ́kọ̀ tó gbé wa lọ́jọ́ náà pè mí. Ó ní, "Ànńtí, àwọn oníyanrìn ti dé ẹ̀yìn ilé yín o. Wọ́n ń dí ọ̀sà." Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Páìpù gígùn kan ni mo bá, tó ń pọ iyanrìn àti omi sórí etí omi wa. Àwọn tó ti ta ilẹ̀ ti ta á, àwọn tó rà á ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀. Wọ́n ti gé igi ẹ̀gbà náà lulẹ̀, ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú iyanrìn. Mo wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, mo fà, mo fà, títí mo fi yọ ẹ̀ka Bàbá. Mo sunkún nígbà tó jáde. Ayọ̀ ni. Mo rò pé mo ti gba nǹkan kan sílẹ̀ láyé mi.

Mo gbé e wá sí Ìkòròdú pẹ̀lú òórùn ẹrẹ̀ lára rẹ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń yínmú sí mi. Mo wá sá a sórí páànù ilé ìdáná. Gbogbo igi tí mo mọ̀, bó bá tutù, a máa ń sá a ni. Ó yẹ kí n bi Bàbá léèrè, àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n bí a ti í gbẹ igi ẹ̀gbà, wọ́n á bi mí pé kí ló yọ ọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, n ó sì ní láti sọ nípa iyanrìn. Mi ò ní ìgboyà yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbọ́ nǹkan tó dún "pá!" lórí páànù. Mo rò pé ẹ̀ka máńgòrò gbígbẹ ló já lé e. Nígbà tí mo fi gòkè, ìka mi méjì wọ inú ibi tó là.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bàbá, wọn kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Wọ́n ní ẹ̀yìn igi náà kò gbọdọ̀ rí ọ̀bẹ rárá, ikùn rẹ̀ nìkan ni à ń gbẹ́. Àdá la fi ń bẹ̀rẹ̀, àfọ́kù ìgò la fi ń fá a parí. Wọ́n ní ariwo àfọ́kù ìgò náà, fìrì, fìrì, fìrì, ló máa ń mú kí oorun kun bàbá àwọn lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n á so ó mọ́ òpó, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á dúró lókèèrè, á máa wò ó bóyá apá méjèèjì tẹ̀ bákan náà. Apá tó bá le ju èkejì lọ la ó tún fá. Wọ́n á fi àdín pa á lára, wọ́n á fi okùn ìko tí wọ́n ti fi ìda oyin ra so ó.

"Ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti le jù? Kì í ṣe gbígbẹ́," ni Bàbá wí. "Títa ni. Ẹja tí o rí kọ́ ni ẹja tó wà níbẹ̀. Omi ń tàn ẹ́ jẹ. Ìsàlẹ̀ ibi tí o ti rí i ni kí o ta. Ọdún méjì ni mo fi ta omi lásán."

Kàsímù ní, "Ọdún méjì! Ebi ò pa yín kú?"

"Sùnmọ́nù ń bọ́ mi. Ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú."

Wọ́n wá sọ ti ọjọ́ kejì Iléyá, nígbà tí gbogbo abúlé máa ń péjọ sétí omi. Wọ́n á ju àgbọn tútù sínú omi, ìṣàn á máa gbé e lọ, àwọn ọ̀dọ́ á dúró nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n á máa ta á lọ́fà. Ní ọdún tí Bàbá fẹ́ kí ìyá àgbà rí àwọn, wọ́n yá agbádá ẹ̀gbọ́n wọn wọ̀. Wọ́n fa ọrun, apá agbádá lọ́ mọ́ okùn, ọfà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, Bàbá gba inú omi lọ.

"Wọ́n fi mí kọrin yẹ̀yẹ́ títí dé Iléyá ọdún kejì. Ìyá yín àgbà ló ń lé orin náà. Orin yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi mọ̀ pé ó ti gbà fún mi."

Màmá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wò ó, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́ nígbà yẹn, ẹ̀rín náà á kú lójú mi. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbìyànjú. Mo rọra ní, "Bàbá, tí igi bá wá là ńkọ́? Láyé ọjọ́un, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Là? Ó máa ń là dáadáa. Sùnmọ́nù ti sá tirẹ̀ sórí òrùlé rí, ó ní òun ò lè dúró de eérú. Ó là bí ẹnu ọ̀nì. A fi í rẹ́rìn-ín, a jọ wọ ọkọ̀, kí oòrùn tó dé àtàrí a ti gé òmíràn. Kò sí ẹni tó bínú."

Ara mi fẹ́ balẹ̀. Mo ti la ẹnu.

"Kí la fẹ́ bínú sí?" ni Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ̀gbà wà níbẹ̀ bí irun orí. Èèyàn kì í bínú nítorí ohun tó pọ̀. Báyìí, ẹyọ kan ló kù, ẹ̀ka kan ni mo sì gé lára rẹ̀. Tí ìyẹn bá là, ìyàwó mi..." Wọn kò parí rẹ̀. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì sókè síwájú ojú wọn, bí ẹni pé wọ́n lè rí wọn. "Ọwọ́ yìí ṣì mọ iṣẹ́ kan. Ẹyọ kan péré. Bí mo bá gbẹ́ ọrun yẹn tán, ẹ wá ibi tí ẹ ó tẹ́ mi sí, mi ò ní bá yín jà."

Màmá mi ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bàbá, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló burú níbẹ̀? Ìdúnnú ni mo ń sọ." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Èmi pa ẹnu mi dé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé igi náà lọ bá káfíńtà kan ní Ìpakodò. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní òun lè fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí òun fi okùn dì í, ibi tó là kò ní hàn. Mo bi í bóyá á ṣeé fà. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. "Ànńtí, ẹ fi kọ́ ara ògiri ni." Mo dúpẹ́, mo gbé igi mi. Bàbá kì í fi ojú wo nǹkan mọ́, ìka ni wọ́n fi ń wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án báyìí, wọ́n á mọ̀. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n wá igi gúáfà fi dípò rẹ̀. Ẹ wo irú èrò tó ń wá sí mi lọ́kàn, èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó kàwé! Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé kò wọ omi rí.

Òní ni Jímọ̀ọ̀. Bàbá ti ní kí Kàsímù wá ìgò tí kò ní àpẹẹrẹ lára fún àwọn, kí ó fọ́ ọ sílẹ̀. Wọ́n ti ní kí Màmá má da eérú nù mọ́. Wọ́n jẹ ìrẹsì ní ọ̀sán yìí, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ pè mí kò tíì pè, mi ò sì tún retí rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ló pè. Ó ní kí n má gbàgbé pé kò sí ibi tí òun lè gúnlẹ̀ sí lẹ́yìn ilé wa mọ́, iyanrìn ti bò ó títí dé ibi tí omi ti jìn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ fún wọn lónìí, nínú ilé, pé igi ti là, pé igi tí a gé e lára rẹ̀ kò sí mọ́, pé etí omi náà kò sí mọ́, ìròyìn mẹ́ta ni lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹni tí oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á tún padà sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọn ò sì ní jáde níbẹ̀ mọ́. Tí n kò bá sì sọ ọ́, ọ̀la ni Sátidé. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi lọ́wọ́ wọn, wọ́n á na ẹsẹ̀ wá ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á ba iyanrìn gbígbẹ. Wọ́n á wá yíjú sí mi, wọ́n á bèèrè pé, "Ìyàwó mi, ibo lo mú mi wá?"

Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lónìí.